Adelé Kì Í Bojú Wẹ̀yìn

Adé bọ́ lórí Oyinkán, ó yí gbirigbiri kọjá níwájú ìtẹ́, ó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ àga kan ní ìlà iwájú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Oyinkán fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé orí òun ti ṣófo. Ẹkún ló ń sun. Ó di apá ìtẹ́ mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ, ó ń jágbe ọ̀rọ̀ inú eré mọ́ Láńre, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ọba, Láńre náà sì ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé òótọ́ ni ìjà náà.

"Ó tó," ni Adékọ́lá wí láti ìsàlẹ̀. "Ẹ dúró. Ó tó."

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí iná kò mọ́lẹ̀ dé, Adébùnmí gbé àpò oúnjẹ lé itan, ó jókòó jẹ́ẹ́. Òun ló wa ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá sí Bowie láti District Heights, ní ìlú Òyìnbó tí wọ́n ń gbé, gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe láti ìgbà tí ìgbáradì eré ti bẹ̀rẹ̀. Inú ọkọ̀ ló máa ń dúró dè é. Á tẹ àga sẹ́yìn, á máa gbọ́ ìwàásù lórí fóònù títí oorun á fi gbé e lọ. Òtútù ọ̀sán ọjọ́ Àìkú yìí ló lé e wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó máa fojú kan ìtẹ́ náà: àga onígi gíga tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà, tí wọ́n na aṣọ pupa sí lẹ́yìn. Àga lásán ni. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Síbẹ̀, àtìgbà tó ti rí i ni kò ti lè fẹ̀yìn ti ìjókòó.

Adékọ́lá ló kọ eré náà, òun náà ló ń darí rẹ̀. Ìbàdàn ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Landover ni wọ́n bí i sí, ẹ̀kọ́ ìtàn ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama. Ọ̀rọ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ṣeré, láyé ẹṣin àti idà. Ọba kan wà tí ọmọkùnrin rẹ̀ bá omi lọ. Ọba pe àwọn ìjòyè jọ, ó ní kí wọ́n búra pé ọmọbìnrin òun ni yóò gorí ìtẹ́ bí òun kò bá sí mọ́. Gbogbo wọn búra. Ilẹ̀ kò tíì gbẹ lórí sàréè ọba tí Stífínì, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, fi sáré lọ gba adé, àwọn tó búra sì ní ìbúra àná kò de àwọn mọ́. Ìlú fọ́ sí méjì. Wọ́n jagun títí ogun fi sú àwọn tó ń jà á. Níkẹyìn wọ́n ṣàdéhùn: kí Stífínì máa jọba lọ títí ọlọ́jọ́ á fi dé, kí ọmọ tí obìnrin náà bí wá gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Oyinkán ni ọmọbìnrin ọba, Láńre ni Stífínì. Ìran ìkẹyìn ni ibi tó ti dìde lórí ìtẹ́ tí ogun gbé e gùn fúngbà díẹ̀, tó gbé adé lé Stífínì lọ́wọ́, tó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Adékọ́lá gun orí pèpéle, ó lóṣòó síwájú Oyinkán. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bára wọn sọ, wọ́n sì rò pé ìyá àgbà tó wà lẹ́yìn ti sùn.

"Oyinkán, mo fẹ́ yọ ìran yìí kúrò."

"Ẹ yọ kí ni?"

"Èmi ni mo hùmọ̀ ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé ìtàn ò sọ pé obìnrin yẹn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣàdéhùn. Òkè òkun ló wà. Ká jẹ́ kí Láńre àti ẹni tó ń ṣe ọmọ ẹ̀ bọ ara wọn lọ́wọ́, ká paná, ó parí. Tó o bá ń ké báyìí, àwọn èèyàn ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan. Ariwo ni wọ́n á gbé relé."

"Ìrọ̀lẹ́ òní lẹ fẹ́ yọ ọ́?"

"Eré míì wo la tún ní? Àwọn míì ló ni gbọ̀ngàn yìí láti ọ̀la."

Oyinkán fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mọ́mì mi ń bọ̀," ó ní, ohùn rẹ̀ sì wá kéré bíi ti ọmọdé. "Aago méje ni wọ́n ń jáde níbi iṣẹ́. Ìran yìí nìkan ni wọ́n lè bá."

Òótọ́ ni. Abísọ́lá, ọmọ Adébùnmí, nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ ọ̀sán rẹ̀ kì í sì í gba ẹ̀bẹ̀. Láti ìgbà tí Oyinkán ti ń ṣeré ní iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi, tó ń ṣe àgùntàn nínú eré Kérésì, ìyá rẹ̀ kò tíì rí i lórí pèpéle rí. Fọ́tò ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sí i. Ní tòní, ó ti bẹ ọ̀gá, ó ti bẹ ẹlẹgbẹ́. Ibi tí wọ́n bá a dé náà ni pé kó jáde ní kété tí aago bá lù. Bí ìran ìkẹyìn bá lọ, àwọn tó ń wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wọn ni Abísọ́lá máa dé bá.

Adékọ́lá dìde. Kì í ṣe ènìyàn líle. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà rí ojú ọmọ náà. "Ẹ lọ jẹun," ó ní. "Tẹ́ ẹ bá padà, màá wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Nínú ọkọ̀, Adébùnmí tan ẹ̀rọ amóoru, ó ṣí ike ìrẹsì àti dòdò lé àárín àwọn méjèèjì. Oyinkán mú ṣíbí, kò bu nǹkan kan.

"Wọ́n ní mò ń sunkún jù."

"Mo gbọ́."

"Tiẹ̀ ni, Màmá. Bàbá ẹ̀ fún un. Gbogbo wọn búra. Báwo ni kò ṣe ní sunkún?"

Adébùnmí wo ojú rẹ̀, tí àtíkè ti ṣàn lórí ẹ̀. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò ríran rárá, kò rí adé tó bọ́ lórí ara rẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé kó jẹun. Ọ̀rọ̀ mìíràn ló gba ẹnu rẹ̀ jáde.

"Kì í sunkún níwájú wọn."

"Ta ni?"

"Adelé."

"Kí ni adelé?"

Ó ti pẹ́ tí Adébùnmí ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn gbẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé ó ní láti wá ibi tó máa ti mú un. "Ní ìlú tiwa, ní Òkè-Ìrórò, tí ọba bá wàjà..."

"Wàjà?"

"Tí ò bá sí mọ́. A kì í sọ èyí tó wà lẹ́nu ẹ yẹn. Tó bá wàjà, wọ́n á máa wá ọba tuntun. Kí ìtẹ́ má baà ṣófo, àkọ́bí ọba lóbìnrin ló máa ń jókòó síbẹ̀. Wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ ọkùnrin, agbádá, ṣòkòtò, fìlà. Wọ́n á kó iyùn sí i lọ́rùn. Ó ti di ọba nìyẹn. Bàbá arúgbó á dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un."

"Obìnrin?"

"Obìnrin. Títí àwọn ọkùnrin á fi parí ìjà."

Oyinkán rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ràn ìyẹn. Ẹ mọ ẹnì kan tó ṣe é rí?"

Adébùnmí gbé ìdérí ike ìrẹsì, ó dé e padà. "Èmi ni."

Ọmọ náà tún rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ìyá àgbà rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu.

Kò rọrùn láti sọ fún ẹni tí wọ́n bí sí ibí. Ó wà ní iléèwé nọ́ọ̀sì ní Adó lọ́jọ́ tí àwọn ọkùnrin méjì fi ọkọ̀ wá mú un. Wọn kò sọ nǹkan kan fún un. Wọ́n kàn ní kó gbé báàgì. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu odi ìlú tó rí i pé ọjà kò ná, tí àwọn èèyàn fá orí, ó ti mọ̀ pé òun kò ní bàbá mọ́. Wọ́n ní oṣù díẹ̀ ni. Àmọ́ ìdílé méjì ló fẹ́ ìtẹ́ náà, wọ́n gbé ara wọn lọ sí kóòtù, lọ́yà ń jẹ, ẹjọ́ ń sún síwájú, oṣù di ọdún, ọdún sì gorí ọdún. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèdánwò, wọ́n yege, wọ́n dé fìlà funfun. Òun ń parí ìjà ààlà oko. Ó ń sọ fún ìyàwó kan kó padà sílé ọkọ, ó ń sọ fún òmíràn kó má padà. Ìyá rẹ̀ á wá lówurọ̀, á kúnlẹ̀, á ní, "Kábíyèsí." Ìyá tó bí i. Kò gbọdọ̀ gbé e dìde.

"Ìgbà tí ẹjọ́ parí ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n máa lọ. Ìdájí ni. Olóyè kan bọ́ iyùn lọ́rùn mi, ó ní kí n gba ẹ̀yìnkùlé jáde, kí n má wẹ̀yìn wò. Adelé kì í bojú wẹ̀yìn. Tó bá bojú wẹ̀yìn, ìtẹ́ á tẹ̀lé e, ọba tuntun ò ní rójú jókòó." Ó rọra ń fi ọwọ́ pa sítíárì. "Mo wọ aṣọ obìnrin, mo lọ sílé ìyá mi. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ kí i. Orúnkún mi kọ̀. Mo dúró bẹ́ẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ìyá mi ń wò mí. Ó ní, 'Fi í sílẹ̀. Ó máa rántí.'"

Atẹ́gùn gbá ewé gbígbẹ kọjá lórí gíláàsì ọkọ̀.

"Mọ́mì mọ̀?"

"Kò mọ̀. Mo ní olóyè ni bàbá mi. Kí ni mo fẹ́ sọ? Iṣẹ́ tí mo ṣe níbí, àwọn arúgbó ni mò ń wẹ̀, tí mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Tí mo bá sọ fún wọn pé mo ti jọba rí, wọ́n á ní kí n wá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn."

Oyinkán kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọwọ́ ìyá àgbà rẹ̀ lórí sítíárì. "Màmá," ó ní, ó sì fi Yorùbá sọ ọ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń gun àkàbà, "ṣé ó wù yín kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè yẹn rí. Àwọn ará Òkè-Ìrórò kò bi í. Wọ́n ti dá a lóhùn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní òun ló ń sanwó fún lọ́yà kí ẹjọ́ má baà parí. Irọ́ ni. Kò san kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ náà fi ọwọ́ kan ibi tó ń dunni, ìdí nìyẹn tí kò fi lè já a.

"Ó wù mí," ni Adébùnmí wí. "Ó wù mí gan-an."

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Oyinkán gorí ìtẹ́ láìwo ẹnikẹ́ni. Kò sunkún. Ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ohùn tí èèyàn fi ń sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbébẹ̀. Ó bọ́ adé, ó gbé e fún Láńre, Láńre sì gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Oyinkán sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn jáde, ọrùn rẹ̀ tọ́ ganran, kò wẹ̀yìn.

Adékọ́lá họ orí. Ó tún un họ. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Bó ti ń kọjá lẹ́bàá Adébùnmí, ó tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ kú ìkàlẹ̀, mà. Jọ̀ọ́, kí lẹ fún un jẹ?"

"Ìrẹsì," ni Adébùnmí wí.

Gbọ̀ngàn ti kún kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mọ̀ríámọ̀, ọ̀rẹ́ Adébùnmí, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wá jókòó lápá òsì rẹ̀. Lápá ọ̀tún, Adébùnmí tẹ́ ìborùn rẹ̀ sórí àga kan, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dúró pé ó ní ẹni tó ni ín. Iná kú. Fóònù rẹ̀ gbọ̀n nínú àpò. Abísọ́lá ni: *Ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi ò tíì dé o. Ẹ máa gbàdúrà.*

Àwọn ìjòyè jáde, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n búra. Ọba kú. Àwọn ìjòyè kan náà tún jáde, wọ́n kúnlẹ̀ fún Stífínì.

"Haa," ni Mọ̀ríámọ̀ wí sínú etí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Àwọn Òyìnbó náà ní afọbajẹ tó ń gba rìbá."

"Dákẹ́."

"Wo èyí tó fi irùngbọ̀n àtọwọ́dá sí. Òun ló kọ́kọ́ búra. Ìyẹn gan-an ló jọ àbúrò ọkọ mi."

Ó yẹ kí Adébùnmí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ogun ń lọ lórí pèpéle, idà onípákó ń lu ara wọn. Wọ́n lé ọmọbìnrin ọba jáde nínú ìlú ńlá, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín. Ìlẹ̀kùn kò ṣí. Ó ń ro ọmọ rẹ̀ ní ibi iṣẹ́, tó ti múra tán, tó gbé àpò kọ́ èjìká, tí kò sì lè lọ, nítorí pé a kì í fi aláìsàn sílẹ̀ láìfà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹni tó bá jókòó ti nǹkan gbọ́dọ̀ dúró de ẹni tó máa gbà á. Ó kúkú mọ èyí náà.

Aṣọ pupa tàn. Ìran ìkẹyìn dé. Oyinkán ti wà lórí ìtẹ́, Stífínì dúró síwájú rẹ̀. Adébùnmí kó ìborùn kúrò lórí àga òfìfo náà, ó ká a sí ọwọ́.

Nígbà náà ni ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀nà yọ tínínrín lẹ́yìn, ìlẹ̀kùn sì tún padé. Ẹnì kan ń sáré bọ̀ nínú òkùnkùn, ó ń bẹ àwọn èèyàn kó lè kọjá. Abísọ́lá ni, nínú aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, káàdì iṣẹ́ rẹ̀ ń fì lọ́rùn. Ó jókòó, ó ń mí hẹlẹ, ó ń rùn fún oògùn tí wọ́n fi ń fọwọ́ nílé ìwòsàn.

"Òun nìyẹn?" ó ní. "Màmá, Oyinkán nìyẹn?"

"Òun ni. Máa wò."

Oyinkán bọ́ adé. Ó gbé e fún ẹni tó ń gbà á. Ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń lọ, ọrùn títọ́, ìgbésẹ̀ pẹ̀lẹ́, gẹ́gẹ́ bó ti ṣe é lọ́sàn-án. Ó dé ẹnu ọ̀nà ààfin onípákó náà, ó sì dúró.

Adébùnmí di ọwọ́ àga mú. Rárá o. Èyí kọ́ ni mo sọ fún ọ.

Oyinkán yíjú padà. Kò yára, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ó wo ìtẹ́ bí èèyàn ti ń wo yàrá tó fẹ́ kó kúrò nínú rẹ̀, bóyá nǹkan òun kan ṣẹ́kù síbẹ̀. Ó wo ọkùnrin tó jókòó. Ó wo àwọn ìjòyè lọ́kọ̀ọ̀kan, àní àti onírùngbọ̀n àtọwọ́dá. Omi kò sí lójú rẹ̀. Èjìká rẹ̀ rọra wálẹ̀, bí ìgbà tí a bá sọ ẹrù. Ó jáde.

Ìtẹ́ kò tẹ̀lé e. Ibi tó wà náà ló wà, àga onígi tí wọ́n kùn, Stífínì sì jókòó sínú rẹ̀, ó kéré sí i.

Àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́. Mọ̀ríámọ̀ ti dìde dúró. Adébùnmí kò lè gbé ọwọ́. Láti ìdájí ọjọ́ tí wọ́n mú un gba ẹ̀yìnkùlé ààfin jáde, ọrùn rẹ̀ kò yí padà. Ó pa àṣẹ mọ́ kọjá Adó, kọjá Ìbàdàn, kọjá òkun. Kí ló wá ń wò láti ìgbà náà? Nídìí bẹ́ẹ̀dì àwọn arúgbó, nínú ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì, nínú ọkọ̀ tó ń gbọ̀n fún òtútù lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí, ibi tí kò wò lẹ́ẹ̀kan yẹn ni ojú rẹ̀ kò tíì kúrò.

Abísọ́lá fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìparí nìkan ni mo bá," ó ní sí etí ìyá rẹ̀ nítorí ariwo. "Àmọ́ ẹ rí bó ṣe yíjú yẹn? Màmá, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Adébùnmí la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ọba tí ọmọkùnrin rẹ̀ bá omi lọ ló fẹ́ sọ, àti ti àwọn tó búra.

"Iléèwé ni mo wà," ó ní, "tí wọ́n fi wá mú mi."

Abísọ́lá gbé ojú kúrò lórí pèpéle, ó wo ìyá rẹ̀.